OT fún ẹni tó ní dìmẹ́ńṣíà: kì í ṣe iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ bá Màmá wá

Dókítà kọ lẹ́tà, ó ní kí wọ́n mú Màmá lọ rí OT. Wọ́n délé, wọ́n tú u, wọ́n rí "Occupational Therapy" nínú rẹ̀. Àkọ́bí ní iṣẹ́ wo ni wọ́n tún fẹ́ kí ẹni ọdún 78 máa ṣe? Èkejì ní àwọn tó máa ń na ẹsẹ̀ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú ni wọ́n ń sọ. Àbíkẹ́yìn ní kí wọ́n kúkú fi owó ọkọ̀ yẹn ra oògùn. Lẹ́tà wọ inú dúrọ́ọ̀, kò jáde mọ́.

Bó ṣe ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó nìyẹn, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Àgége, ẹ̀bi ẹbí sì kọ́. Orúkọ iṣẹ́ náà ló ń ṣini lọ́nà. Ó dunni, torí pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra, èyí wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó kan ìgbé ayé òòjọ́ gan-an: ìwẹ̀, aṣọ, oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí ni dìmẹ́ńṣíà, kí ni kì í ṣe?

Dìmẹ́ńṣíà kì í ṣe orúkọ àìsàn kan ṣoṣo. Orúkọ àpapọ̀ ni, bí a ṣe ń pe "ibà" tó jẹ́ pé ibà ẹ̀fọn wà níbẹ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun náà wà níbẹ̀. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọpọlọ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìrántí, ìrònú tàbí ọ̀rọ̀ sísọ kò fi ní lè gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ mọ́. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òun ló wà nídìí 60 sí 70 nínú 100. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1906, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀jẹ̀ tí kì í dé ọpọlọ dáadáa, tó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ rìn.

Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti tó ọdún 65 sókè, nǹkan bí 13 tàbí 14 ló ń bọ́ sínú dìmẹ́ńṣíà lọ́dọọdún n'Ìbàdàn. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe èpè. Nígbà tí Màmá bá ń pariwo pé ìyàwó ilé jí owó òun, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n tọ́jú owó náà síbì kan, ọpọlọ kò sì fi ibẹ̀ pamọ́. Ọpọlọ kì í fẹ́ àlàfo, á wá nǹkan fi dí i. "Wọ́n jí i" ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ilé ti tú ká nítorí gbólóhùn yìí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo èyí: kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò pé kì í ṣe nǹkan mìíràn tó ṣeé wò ló ń farawé dìmẹ́ńṣíà. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè da orí àgbàlagbà rú láàárín ọjọ́ méjì péré. Ìsoríkọ́ lè ṣe é. Àìtó fítámì B12 lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni thyroid, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú agbárí lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú. Piriton tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí wọ́n lè sùn náà lè ṣe é.

Kí wá ni OT?

"Occupation" inú orúkọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ owó oṣù. Ohun gbogbo tó ń gba ọwọ́ àti àkókò ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni: kí a fọ ẹnu, kí a wẹ̀, kí a ró ìró, kí a ka Bíbélì tàbí kí a ṣe àlùwàlá, kí a ṣa ẹ̀wà. Oníṣẹ́ OT ni ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń mú kí ènìyàn lè máa ṣe nǹkan wọ̀nyí nìṣó nígbà tí àìsàn bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun àti físíò, àwọn tó máa ń na ẹsẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọ̀kan náà. Físíò á mú kí ẹsẹ̀ lágbára. OT á béèrè pé: ẹsẹ̀ náà lágbára lóòótọ́, ṣé Màmá mọ ohun tí wọ́n bá dé balùwẹ̀ fún?

OT kò ní dá ìrántí padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe dà bí ìgbà tí wọ́n bá ti Third Mainland Bridge pa láti tún un ṣe. Ará Èkó kì í torí ẹ̀ jókòó sílé, á gba Eko Bridge. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà fi ohun tuntun pamọ́ ni dìmẹ́ńṣíà sábà máa ń kọ́kọ́ tì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà, ti àṣà tó ti mọ́ ọwọ́ lára, èyí tí kì í tètè bàjẹ́. Màmá tó ta ankara ní Balógun fún 40 ọdún lè má rántí orúkọ ọmọ-ọmọ wọn. Ẹ gbé yáàdì mẹ́fà lé wọn lọ́wọ́, ẹ máa wò ó: àtàǹpàkò á wá etí aṣọ, wọ́n á kó o pọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á sì dọ́gba. Orí kọ́ ló ṣe é, ọwọ́ ni. Ọwọ́ yẹn ni OT ń bá ṣiṣẹ́.

Èwo ló ń kọ́kọ́ lọ?

Iṣẹ́ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ: owó ṣíṣírò, oògùn lílò, fóònù, wíwọ danfó láti Ọ̀ṣòdì sí Ọ̀bálẹ́ńdé, ọbẹ̀ sísè. Lẹ́yìn náà ni ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀, kó tó kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí a gbé oúnjẹ dé ẹnu ló sábà máa ń kẹ́yìn. Tí Màmá bá ń jẹun fúnra wọn dáadáa, kò túmọ̀ sí pé wọ́n lè dá nìkan wà nídìí gáàsì. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣe àṣìṣe.

Kí ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá wá sílé?

OT tó dáńtọ́ kì í kàn béèrè pé "Ṣé Màmá lè po tíì?" Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi po tíì," á sì jókòó wò ó. Ohun tó ń wá ni ibi tí iṣẹ́ náà ti dúró gan-an, nítorí ìdádúró kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀.

Bí Màmá bá ń wo kọ́ọ̀pù láìfọwọ́ kàn án, ìbẹ̀rẹ̀ ló nira. Ẹ fi ṣíbí sí wọn lọ́wọ́, ìyókù lè tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá da omi gbígbóná sínú agolo mílíìkì, ètò ìgbésẹ̀ ló dàrú. Ẹ to nǹkan láti òsì sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe máa lò ó, kí ohun tí kò kàn án kúrò lórí tábìlì. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ wá kọ́ọ̀pù funfun tó wà lórí aṣọ tábìlì funfun, ojú rí i ṣùgbọ́n ọpọlọ kò yà á sọ́tọ̀, ẹ pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń rò ó, tí wọ́n ń rò ó tí kò tán, ìparí ni wọn kò mọ̀. Ẹ gba ṣíbí náà jẹ́jẹ́, ẹ ní "Ó ti dára mà," kí ẹ sì fún wọn ní ohun tó kàn.

Ìrànlọ́wọ́ náà ní àkàbà tirẹ̀, láti ìsàlẹ̀ la sì ti ń gùn ún. Ẹ kọ́kọ́ dúró, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín, nítorí ọpọlọ tó ń ṣàìsàn máa ń pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tí etí ti gbọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan: "Ọṣẹ, mà." Lẹ́yìn náà, ẹ nàka sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ ọwọ́ wọn, kí ẹ jọ gbé e. Kí ẹ bá wọn ṣe é tán ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé fífi wọ́n sílẹ̀ ṣe é kì í ṣe àìbọ̀wọ̀?

Òkété tó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni wọ́n máa ń pa fún oníṣẹ́ OT tó bá ní kí Màmá ró ìró wọn fúnra wọn. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ò fẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹni tó ní dìmẹ́ńṣíà kò bá ṣe fún oṣù díẹ̀, ó ṣòro kó tó lè padà ṣe é. Ẹ̀yin fi ìyá yín jókòó lórí àga lánàá nítorí ìfẹ́, lónìí wọn kò lè dìde mọ́. Àìsàn ti gba tirẹ̀, a tún wá fi ìkánjú gba díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n fi wọ aṣọ kì í ṣe ìyà. Ọmú ọmọ tí òkété máa mu ni pé kí ọmọ ní sùúrù ìṣẹ́jú 30 yẹn.

Báwo ni ìwẹ̀ ṣe máa di ohun tí kì í fa ìjà mọ́?

Ìwẹ̀ ló ń fa wàhálà jù. Ẹ wò ó láti ojú tiwọn: ẹnì kan tí wọn kò dá mọ̀ dáadáa wọlé, ó ní kí wọ́n bọ́ra sílẹ̀, ó sì da omi lé wọn lórí. Ta ni kò ní jà?

Kí ẹ tó pè wọ́n, kí gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Ẹ wá àga ike tó ní ibi ìfẹ̀yìntì, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró dáadáa, kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àpò tàbí aṣọ àlòkù, nítorí ìyẹn á ká lẹ́sẹ̀, á sì gbé wọn ṣubú. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé orí àpótí kó bá orúnkún wọn dọ́gba, kí wọ́n má baà máa tẹ̀ba. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí gbígbóná tẹ̀ lé e, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má ta yín. Ike ìbuwẹ̀ yẹ kó ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí pupa nínú funfun. Ẹ kó Izal àti ọṣẹ ìfọṣọ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ máa wẹ̀?" Rárá ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní, "Omi yín ti gbóná, mà." Ẹ yan àkókò tí wọ́n ti máa ń wẹ̀ látilẹ̀wá. Ẹni tó ń jí lọ sí Oyíngbò ní aago márùn-ún kò ní gbà fún ìwẹ̀ aago mọ́kànlá.

Ẹ jẹ́ kí ìró wà ní àyà wọn. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wọ balùwẹ̀ náà nìyẹn, ìtìjú sì wà lára ohun tí kì í tètè kúrò nínú ọpọlọ. Ẹ lè wẹ ara lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi gbígbẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá yá. Ẹsẹ̀ ni kí omi ti bẹ̀rẹ̀, kó wá kan ọwọ́, kó tó kan ẹ̀yìn. Ojú àti orí ló ń kẹ́yìn, nítorí omi tó bá ṣàdédé bọ́ sójú ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ fi ọṣẹ sí kànìnkànìn kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́, ọṣẹ lásán á yọ̀ bọ́. Ẹ gbé ọwọ́ tó di kànìnkànìn náà dé apá wọn, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì bá ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ní ilé tí balùwẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí yàrá mẹ́wàá ń lò ó, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Mushin àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má mú wọn lọ nígbà tí èrò ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ dúró kí àwọn aládùúgbò ti lọ síbi iṣẹ́, tàbí kí ẹ gbé bàsíà omi wọ yàrá. Lọ́jọ́ tí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu abíyá àti ojú ara, ó tó. Kò sí òfin tó ní kí arúgbó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Aṣọ ńkọ́?

Ẹ má ṣí wọ́dúróòbù tó kún sílẹ̀ fún wọn. Aṣọ méjì péré: "Aláwọ̀ ewé ni àbí aláwọ̀ aró?" Ẹ to èyí tí wọ́n bá mú sórí ibùsùn bí wọ́n ṣe máa wọ̀ ọ́, kí àwọ̀tẹ́lẹ̀ wà lókè.

Ìró ló ń kọ́kọ́ ṣòro, torí pé ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ojú kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́. Télọ̀ lè fi rọ́bà sí i ní ìbàdí, kó máa rí bí ìró lójú, kó máa wọ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì. Kí ọrùn bùbá fẹ̀, kí sípù ẹ̀yìn kúrò. Fún Bàbá, ṣòkòtò onírọ́bà dára ju onókùn lọ, nítorí okùn tó ta kókó ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tó dára fún aṣọ: láti ẹ̀yìn ni ẹ ti máa kọ́ ọ. Ẹ wọ bùbá fún wọn títí dé ọrùn, kí ó ku kí wọ́n fà á wálẹ̀ síbàdí, kí wọ́n fà á. Bí ìyẹn bá ti dúró, ẹ fi apá kejì náà sílẹ̀ fún wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ló máa ń parí iṣẹ́ náà, ìdùnnú "mo ti múra" á sì jẹ́ tiwọn.

Oúnjẹ: kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ìdajì sílẹ̀?

Ẹ wo abọ́ kí ẹ tó sọ pé wọn kò fẹ́ jẹun. Fùfú funfun nínú abọ́ funfun kò hàn sí ọpọlọ tó ń ṣàìsàn. Àmàlà nínú abọ́ kan náà á hàn kedere. Ní Boston, àwọn olùwádìí fi abọ́ pupa rọ́pò funfun fún àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tí Alzheimer wọn ti le, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2004: oúnjẹ tí wọ́n jẹ fi ìdá 25 nínú 100 lé sí i, ohun mímu fi ìdá 84. Ènìyàn mẹ́sàn-án kéré, lóòótọ́, ṣùgbọ́n abọ́ pupa kì í wọ́n ní Ìdúmọ̀tà.

Oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbé omi, èso, ọbẹ̀ àti oògùn síwájú wọn pọ̀. Ẹ má sì fi fọ́ọ̀kì dí wọn lọ́wọ́ bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun láti kékeré. Òkèlè bíbù máa ń pẹ́ lára ọwọ́ ju fọ́ọ̀kì lọ. Kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí wọ́n má dùbúlẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbà gbogbo tí wọ́n bá ń jẹun, ẹ sọ fún dókítà, oúnjẹ lè máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyókù ilé

Kí iná kan máa tàn láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, iná tó ń lo bátìrì, torí iná ìjọba. Ẹ máa mú wọn lọ síbẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì kí wọ́n tó ní ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Ẹ ti gáàsì ní orí sílíńdà, kì í ṣe ní orí sítóòfù nìkan. Ẹ má gbé kẹrosíìnì sínú ìgò omi láéláé. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ inú aṣọ wọn, nítorí ẹni tó bá jáde ní géètì lè wọ ọkọ̀ kí ẹ tó wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń bá àlejò inú dígí jà, ẹ fi aṣọ bo dígí náà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ní Netherlands, Maud Graff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí àwọn aláìsàn 135 tí dìmẹ́ńṣíà wọn kò tíì le jù. OT lọ sílé wọn nígbà mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn dára sí i, ẹrù àwọn tó ń tọ́jú wọn sì fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ ní ìlú ọba, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, wọn kò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó rí OT àti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe idán. Ní ojú tèmi, ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni kó bá ilé àti ìṣe ẹni náà mu, kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn sì máa ṣe é lẹ́yìn tí OT bá ti lọ. Àìsàn á ṣì máa tẹ̀ síwájú, ohun tó ṣiṣẹ́ lónìí sì lè nílò àtúnṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Níbo la ti lè rí wọn l'Ékòó?

Wọn kò pọ̀. Ẹ lè béèrè wọn ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, ní ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì, àti ní Federal Neuropsychiatric Hospital ní Yábà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn OT ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábà lé yín sá. Lílọ síbẹ̀ kò sọ Màmá di wèrè. Bí ẹnì kan bá ní òun á máa wá sílé, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ tó ń fún wọn ní ìwé iṣẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú gbogbo oògùn wọn dání pẹ̀lú páálí rẹ̀, ẹ mú jígí ojú wọn, ẹ sì fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú méjì níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ kan tó máa ń há, kí aṣọ wà lára wọn dáadáa. Kí ẹni tó ń bá Màmá gbé inú ilé náà sì wá, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó ń sanwó lè fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi ìwẹ̀ ni OT ní láti kọ́.